Mo Sẹ́ Àwòrán Ara Mi Lójú Ọmọ Mi

Mo ti sẹ́ ara mi lójú ọmọ mi, ẹ̀yin ará, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, àwọn ará ìlú wa wà lórí page yìí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Durumi là ń gbé, ní olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n gbé ìyàwó mi lọ sí Kaduna níbi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń lọ pàdé rẹ̀ nídìí reluwé ní Idu... èmi ni mo wá ń dirun ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Irun dídì ni ìyá mi fi tọ́ wa, ṣùkú ni, pàtẹ́wọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n dì. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́wọ́ rí. Mo ní onídìrí kan ní Area 1 ló ń dì í, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì yé bèèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Obìnrin ará Benue kan tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán ló ń gbé òkè wa. Ó rí wa ní bàrándà, ọmọ mi jókòó sáàárín orúnkún mi, ìyarun wà lẹ́nu mi, ó ní òun fẹ́ yà wá. Mo ní kó má jẹ́ kí ojú mi hàn, ó gbà, irùngbọ̀n mi nìkan ló yà. Nígbà tó parí rẹ̀, mo wò ó títí... mi ò mọ̀ pé ọwọ́ gbàgìdì mi yìí lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ lórúkọ ní Yorùbá. Inú mi dùn, mo ní Ọkùnrin Mẹ́ta, bí a ṣe ń ki akíkanjú. Ọmọ mi bi mí pé àwọn méjì tó kù dà.

Gbọ̀ngán kan ní Garki ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti ń ṣèpàdé, èmi ni akọ̀wé. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin òkè wa ti pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀ sára ògiri, tèmi wà níbẹ̀! Chairman wa, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ka orúkọ àwòrán náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Kai, ọkùnrin mẹ́ta wo nìyí, àbí ìyàwó rẹ̀ ti fún un ní nǹkan jẹ? Ó ní kí akọ̀wé dá sí i. Gbogbo wọn kọjú sí mi, ẹnu mi sì yá ju orí mi lọ. Mo ní, “Obìnrin ni, irùngbọ̀n ni wọ́n yá a.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú nígbà yẹn. English ló ń sọ, gbogbo wa la máa ń sọ Yorùbá lórí rẹ̀ bíi pé kò gbọ́... Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Inú mọ́tò ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ odindi Yorùbá lẹ́nu rẹ̀: “Daddy, ṣé èmi ni mo sọ ẹ di obìnrin?” Kò tiẹ̀ mọ̀ pé “yín” ló yẹ kó pè mí. Ta ló fẹ́ bá a wí? Mo kàn ń wa mọ́tò lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò jókòó sáàárín orúnkún mi mọ́. Ó ń fúnra rẹ̀ ya irun, ó wọ́, á fi rọ́bà dè é lọ síléèwé. Ọwọ́ mi ń yún mi, ojú ń tì mí, mi ò lè ní kó wá.

Àpárá yẹn wá dùn mọ́ chairman débi pé èmi ló ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa sọ̀rọ̀ ní Sunday, lórí bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ọkùnrin. Tí mo bá jẹ́wọ́, ẹ mọ àwọn ará ìlú wa, orúkọ tí wọ́n bá sọ mí, wọ́n á gbé e délé. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ọmọ mi á gbà pé òun ni ìtìjú mi. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi, mi ò sì rẹ́ni fi ọmọ sílẹ̀ fún, iwájú mi ló máa jókòó sí. Àwòrán náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la máa gbà wọlé.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin bàbá tó ń dirun ọmọ yín ní bòókẹ́lẹ́, ṣé ẹ wà níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ẹni méjì péré ni mo ń wá.