Orúkọ Tó Kọ́kọ́ Jáde

Adja-Ouèrè, ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ó ṣì ń dùn mí.

Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ JavaScript, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo wá rò pé mo ti gbọ́n. Mo ṣe ojú ewé kan sórí fóònù fún àdúrà òkú ìdílé wa, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Nílé wa, àgbà ni a máa ń kọ́kọ́ pè. Bí mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀ nìyẹn, láti orí bàbá bàbá wa títí dé orí Akànní, àbúrò mi tó kú lọ́dún tó kọjá.

Ṣùgbọ́n mo gbàgbé `await`, ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá ẹ̀rọ dúró. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá tètè dé ló ń gbé síwájú. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀. Ti Akànní, fọ́tò kékeré ti ilé ìwé, ló kọ́kọ́ dé.

Níbi àdúrà, níwájú gbogbo ilé, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Màmá wo fóònù náà títí, ó ní:

"Òun náà ló tún ṣáájú?"

Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo tún un kọ. Báyìí, ẹ̀rọ ń dúró kí gbogbo wọn pé kó tó tò wọ́n. Mo gbé e lọ bá Màmá nídìí epo tó ń sè. Akànní ti wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ó ní, "O ti tò ó dáadáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ló yẹ kó wà níbẹ̀ ṣáájú tirẹ̀."