Ẹnu Ọ̀nà Olówó Pọ́ọ́kú

Olóòtú wa, mo kí yín láti Jẹ́dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọkọ mi wá ṣe Háájì, ó sì dúró síbí ṣiṣẹ́ láìní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Ní pápá bọ́ọ̀lù, ẹnu ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ni ọlọ́pàá ti ń bèèrè ìwé. Wọn kì í bi olówó ní nǹkan kan. Ó ní kí n fi owó ọbẹ̀ kún tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi. Mo ní, "Àlàájì, ṣé bọ́ọ̀lù la ó jẹ sùn ni?" Ló bá ra ti pọ́ọ́kú, ó lọ.

A ti kírun mọ́gàríbì, àwọn aládùúgbò ti ti pápá dé. Òun nìkan ni kò tíì wọlé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé èmi ni mo jẹ̀bi, àbí ẹni tó bu owó yẹn lé tíkẹ́ẹ̀tì? Ọbẹ̀ tí mo torí rẹ̀ ṣahun ti tutù.