Ẹni Tó Tú Àṣírí Bàbá Teodosio

Ẹ̀gbọ́n mi Fermín,

Ẹ kú òtútù Milan o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Owó oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, orúnkún Màmá sì ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n mú Bàbá Teodosio, ẹ̀gbọ́n Màmá tó rán wa níléèwé. Olùkọ́ jẹ́jẹ́ ni wọ́n kí wọ́n tó di gómìnà ẹkùn wa. Wọ́n gba rìbá lórí kíkọ́ iléèwé Quillapata, ògiri rẹ̀ sì wó lu ọmọ mẹ́ta. Àwọn olùwádìí wá ìwé àdéhùn rìbá náà tì. Èmi ni mo fi hàn wọ́n, lábẹ́ àpò àgbàdo nínú àká wa, níbi tí Bàbá fi í pamọ́ sí. Nígbà tí ọlọ́pàá ń mú wọn lọ, Bàbá dì mọ́ mi: "Tọ́jú ìyá rẹ. Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán."

Màmá ò mọ̀. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ síwájú wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ẹni tó tú àṣírí ẹ̀gbọ́n mi ò ní rójú rere! Ṣàmín, Eulalia." Màá sì ṣàmín.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ lájò, ẹ ó bá Màmá láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni. Bí wọ́n bá ní kí n jáde nílé, màá jáde.

Àbúrò yín,
Eulalia