Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Kì í Ṣe Tèmi

Ìyá mi,

Ẹ má bínú, mi ò ní lè wá mú ọmọ mi lóṣù yìí. Wọn ò tíì gbà mí síṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n tún iṣẹ́ ìdánwò mi ṣe.

Àfikún kékeré ni mo ṣe fún ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì. Jáfà, ètò mìíràn tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà, ló ń gbé àfikún náà ṣiṣẹ́. Mo wo ibi tí Jáfà wà nínú kọ̀ǹpútà mi, mo sì kọ ibẹ̀ sínú àfikún náà. Lọ́dọ̀ mi, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò tilẹ̀ mira.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá ọmọ, ṣé ilé rẹ ni gbogbo ayé ń gbé? Jẹ́ kí àfikún rẹ bi ètò náà léèrè Jáfà tí wọ́n yàn fún un!"

Báwo ló ṣe máa bi í? Jáfà méjì ni mo rí nínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá. Ó ti tojú sú mi. Ṣùgbọ́n ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹ ní ẹ̀yin ni ọmọ ń pè ní màmá báyìí. Ó dáa náà. Ẹ ṣáà máa fi fọ́tò mi hàn án. Ẹ bá mi kí Bàbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.