Àdírẹ́sì Rẹ Lára Apá Bàbá Rẹ

Clothilde, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Chicago? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò fi ọ́ ṣeré jù? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Mímọ́ tí kò fi wá sílẹ̀, kò ní fi ìwọ náà sílẹ̀ láàárín àwọn àjèjì. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ń sùn lọ́wọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé tó bá jí yóò kí ọ, nítorí náà mo ti bá a kí ọ sílẹ̀.

Bí o bá rí i pé kì í ṣe Pointe Sorrel ni lẹ́tà yìí ti wá, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan lókè ọ̀nà ni wọ́n kó wa sí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, wọ́n sì tò wá sílẹ̀ bí edé tí a sá sóòrùn. Ìjì ńlá ń bọ̀ láti orí òkun, wọ́n ní ọ̀la ni yóò dé. Lucinda ni wọ́n sọ ọ́. O mọ̀ pé Lucinda ni obìnrin tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń jẹ́, ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò dáa, nítorí láti ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo ìlú ti ń wò ó bí ẹni tó jalè. Azélie aládùúgbò wa ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Lucinda, kí la ṣe fún ọ gan-an tí o fi fẹ́ wá wó ilé wa?

Wọ́n ya ọ̀nà tí ìjì náà yóò gbà sórí tẹlifíṣọ̀n, ó rí bí àrọ funfun tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, etí rẹ̀ sì gba ẹ̀yìn ilé ìdáná Azélie kọjá. Bàbá rẹ fi ìka wọ̀n ọ́n lórí gíláàsì, ó ní ti Azélie nìyẹn, kò kàn wá. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní kí Azélie bá òun kí ìjì tó bá dé. Azélie ní, Ovide, bí afẹ́fẹ́ bá gbé òrùlé mi, orí rẹ ni yóò gbé e kà, ó kúkú fẹ̀ tó.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nígbà náà ni pé bàbá rẹ ní òun ò ní kúrò nílé. Ó ní ọkọ̀ edé òun wà létí odò, bàbá òun kò sá fún ìjì rí. Ìjì ọdún tí a bí ọ gbé ọkùnrin méjì lọ ní òpópónà wa, àwọn méjèèjì ló ní àwọn ò lọ. Èmi náà ò sì lè fi í sílẹ̀.

Wọ́n pe ìlú sí ìpàdé. Obìnrin ìjọba kan ní kí a gbé àáké sínú àjà, bí omi bá lé wa dé òkè, kí a fi la òrùlé jáde. Mo ti gbé e síbẹ̀, mo gbé àga méjì tì í, kí a lè sinmi ká tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní kí a fi ife omi sínú fíríìsà kó dì, kí a fi owó ẹyọ lé e lórí. Bí a bá padà dé tí owó náà ti rì, a jẹ́ pé iná ti lọ, ẹran inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Èmi ò mọ ẹni tó kọ́ owó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo gbé e síbẹ̀, mo kọjú ọkùnrin tó wà lára rẹ̀ sókè, kó lè rí ẹni tó bá ṣí i.

Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a fi gba àyè nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan gbé e, mo kí i, mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n tẹ oókan. Mo ní ṣé o ti jẹun, ó ní kí n tẹ eéjì. Bí wọ́n ṣe ń lo obìnrin yẹn kò dáa, kò ráyè mí. Mo tẹ oókan, mo tẹ eéjì, kó má baà rò pé mo ń ṣojúsàájú.

Láàárọ̀ àná, fóònù kan ṣoṣo tí a ní bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro láìsí ẹni tó pè wá, ìjọba ló ń fi kìlọ̀ ìjì fún gbogbo ìlú. Bàbá rẹ gbé e sétí, ó ní a ti gbọ́. Ó tún han. Ó ní ẹni tó bá ń han báyìí, ara rẹ̀ ló ń gbóná, ó gbé e sínú fíríìsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹyọ náà, ó pa á dé. Ó dákẹ́ lóòótọ́. A jẹ ọbẹ̀ gọ́mbò wa ní ìrọ̀rùn.

Ọ̀sán ni ọlọ́pàá dé, Dorsin yẹn tí ẹ jọ kàwé, bọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé e. Ó ní ẹni tó ń lọ kó wọlé, ẹni tó ń dúró kó na apá. Ó mú bírò dúdú kan tó nípọn dání, omi kì í fọ̀ ọ́, ó fẹ́ kọ orúkọ èèyàn sí i lápá àti nọ́ńbà ọmọ tí wọ́n máa pè. Mo rò pé kí a má baà sọnù ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọdé níbi àríyá. Bàbá rẹ na apá, ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà. Dorsin kọ Ovide Gaspard. Ó ní nọ́ńbà Clothilde ńkọ́?

Bàbá rẹ yíjú sí ilé ìdáná. Ó ní inú fóònù ló wà. Ó lọ gbé e jáde nínú fíríìsà, ó ti gan bí ẹja. Ó fi aṣọ nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó pe orúkọ rẹ sí i, kò dáhùn. Wọ́n bi èmi náà, n kò mọ̀ ọ́n. Clothilde, àwa tí a bí ọ dúró níwájú ọlọ́pàá, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè ọ́.

Bàbá rẹ wá ní àdírẹ́sì rẹ lòun mọ̀, nítorí òun ló ń kọ ọ́ sára páálí edé gbígbẹ tí a fi ń ránṣẹ́ sí ọ ní Kérésìmesì. Ó ń pè é, Dorsin ń kọ ọ́. Nígbà tó dé ọrùn ọwọ́, apá tán, Chicago ò tíì dé. Dorsin ní, Bàbá Clothilde, ẹ gbé èkejì wá. Azélie yọrí nínú bọ́ọ̀sì, ó ní kó kọ ìyókù sí i níwájú orí, àyè wà níbẹ̀. Dorsin ò rẹ́rìn-ín, ó kọ Chicago sí apá kejì. Ó rọra sọ pé àwọn èèyàn tí àwọn ọlọ́pàá máa ń rí lẹ́yìn ìjì, ẹnu wọn kì í lè sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń kọ ọ́.

Bàbá rẹ wo apá rẹ̀ pẹ́. Ó ní páálí tí wọ́n bá ti kọ àdírẹ́sì sí lára kì í dúró sílé mọ́. Ó mú fìlà rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì.

A ò tíì mọ bí ilé yóò ṣe rí. Jọ̀wọ́, fi owó ìṣó àti páànù ránṣẹ́ sí wa, má gba báńkì, nítorí ọkùnrin wọn sọ fún mi pé inú àwọsánmà ni wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ owó wa sí, ibẹ̀ gan-an ni ìjì yìí sì ń gbà bọ̀. Ra fóònù tí kì í han fún bàbá rẹ. Kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ nọ́ńbà rẹ sínú ìwé, èmi yóò máa dà á kọ títí ọwọ́ mi yóò fi mọ̀ ọ́n.

Omi kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ìjì kò ní jẹ́ orúkọ rẹ. Ibikíbi tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ sí, ayọ̀ ni wọn yóò fi pè é.

Apá bàbá rẹ ni mo ti ń wo àdírẹ́sì rẹ kọ sára àpòòwé yìí. Ó sùn lé e tẹ́lẹ̀, mo dúró títí ó fi yí padà. Wọ́n fún wa lọ́ṣẹ níbí, àmọ́ kò jẹ́ kí a fọ̀ ọ́. Ó ní òun ò tíì dé ibi tí wọ́n kọ sí òun lára.

Ìyá rẹ,
Eulalie