Ewé Furúùtù Inú Ọgbà Tẹ́ńpìlì

Bàbá Kanya,

Ẹ má fọwọ́ kan ewé furúùtù tó kù nínú àpò yẹn, ẹ má sì da omi inú ìgò síbi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń mu. Àwọn ẹja wa ti kú. Mo jí, mo bá wọn tí wọ́n léfòó. Mi ò lè jí yín, ẹnu mi ò gbà á.

Nígbà tí mo ń bu ìrẹsì fún mọ́ńkì, ẹlẹ́sìn Búdà tẹ́ńpìlì tó máa ń gba oúnjẹ kọjá láàárọ̀, ni mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé abẹ́ igi wa lẹ ti ṣà á? Wọ́n fín oògùn ẹ̀fọn síbẹ̀ lánàá o." Ewé tí à ń rẹ sómi kí ara lè tu ẹja, kí wọ́n lè yé ẹyin, òun la fi pa wọ́n. Mo ti sáré lọ bá Àǹtí Lamduan, torí ẹ bù nínú ewé náà fún òun náà.

Akọ ẹja búlúù nìkan ló yè. Ó ṣì ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀ lábẹ́ ìhó tó fẹnu tú sójú omi. Inú omi tirẹ̀ ni mo gbàgbé láti fi ewé sí, tí ẹ fi jágbe mọ́ mi lálẹ́ àná pé, "Omi lásán lo fi í sí, ṣé o fẹ́ pa á ni?"