Ìrora Tí Mo Fi sí Ipò Kìíní

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, pàápàá èyí tó fojú jọ mí tó sì fẹ́ràn ìwé? Mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní rí ogun àìsàn, ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé yóò máa gún régé, ẹnikẹ́ni ò ní fi yín ṣẹ̀sín níbi iṣẹ́. Èmi ìyá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí àmì orí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù, fojú àánú wò ó, nítorí orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà.

Wọ́n ní òrùlé ẹ̀yìn ti tún ń jò. Ewúrẹ́ bí méjì. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti fẹ́ ìyàwó tó ga jù ú lọ, ó wá ń fi téèpù wọn ara rẹ̀ ní àràárọ̀. Èyí tó kù, jókòó kí o tó kà á.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá mi ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò sọ fún ọ, torí mo mọ̀ pé wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Kíláàsì ìwé kíkà àwa àgbà ni mo ti ń bọ̀, mo rí i pé wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn ọkọ̀ náà, mo dúró létí ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ẹni tó bá ní sùúrù". Bí mo ti ń kà á ni lẹ́tà náà ń tóbi sí i, inú mi dùn, mo rò pé ojú mi ló ń là, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ń fi rìn bọ̀ wá bá mi. Títí di òní mi ò mọ ohun tí onísùúrù yóò rí gbà. Egungun ẹsẹ̀ òsì mi fọ́ sí mẹ́ta nísàlẹ̀ orúnkún, wọ́n sì fi irin sí i.

Àwọn tó ni ọkọ̀ náà ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan tó máa ń bá wọn san owó fún ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe. Káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn wa ní kí n wá lọ́yà. Mo ní lọ́yà kẹ̀? Ṣé èmi tí mo mọ̀wé ni n ó gbé ẹnu mi fún ẹlòmíràn? Ọwọ́ ara ẹni la fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Ó ní Ìyá Àgbà, ìwé ọdún méjì yìí, ẹ má fi kó bá ara yín o. Mo ní kó lọ máa kan àga rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù. Obìnrin kan ní wọn yóò gba ohùn mi pa mọ́. Inú mi dùn, mo ní bóyá àwọn ọmọ-ọmọ mi á gbọ́ ọ lẹ́yìn tí mo bá ti lọ. Nígbà tó wá bèèrè pé ara ńkọ́, mi ò lè kérora sínú ohun tí wọ́n fẹ́ pa mọ́. Mo gbé ohùn sókè, mo ní ara le koko, a dúpẹ́, kò séwu. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ẹsẹ̀ ń ta mí dé ìbàdí. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó so táì mú fọ́ọ̀mù wá sílé. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Màmá lókè, Màmá nísàlẹ̀. Ó ní òun lè bá mi kún un, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi àlàfo kankan sílẹ̀, torí olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé òdo ni àlàfo. Ìbéèrè kan ní kí n fi ìrora mi sí nọ́ńbà, láti oókan dé ẹ̀wá. Mo rò ó dáadáa. Ní kíláàsì wa, ẹni tó ṣe ipò kìíní ló ta gbogbo ènìyàn yọ, ẹni tó ṣe ipò kẹwàá kàn ń wá jókòó ni. Mo rántí gbogbo àwọn tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, títí kan bíríkìlà tó já láti orí àjà, mo rí i pé kò sí èyí tí ìrora rẹ̀ tó tèmi. Mo kọ oókan, mo fa ìlà méjì sí i nídìí kó lè hàn. Onítáì wò ó, ó wò mí lójú, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ọmọ mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ìrora. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n buwọ́ lù ú, ó sì fi bírò náà ta mí lọ́rẹ.

Owó wọn wọlé, fóònù mi dún, ó kọ ọ́ sójú pé owó ti dé. Kíá ni mo wé e sínú aṣọ, mo tì í mọ́ àpótí, torí mo rò pé inú rẹ̀ ni owó náà wà. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí kò lọ. Ọmọbìnrin báńkì ló wá sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn lowó wà. Fóònù ti kú sínú àpótí nígbà náà, nọ́ńbà rẹ sì bá a lọ. Owó náà kò sì ju gbèsè ilé ìwòsàn àti ọ̀pá tí mo fi ń rìn lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹsẹ̀ náà wú, ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn débi pé tí aránṣọ bá wá wò mí, á di imú mú bí ẹni tó fẹ́ sín. Wọ́n gbé mi padà sílé ìwòsàn, dókítà ní irin inú rẹ̀ ti bá egungun jà, pé àfi kí wọ́n gé e. Mo ní kí káfíńtà bá mi pe ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n wá san ti èyí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé èmi fúnra mi ni mo sọ pé ara le, tí mo sì kọ oókan.

Olùkọ́ wa wá wò mí, mo fa ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà lé e lọ́wọ́. Kí n má purọ́, máàkì ni mo ń retí. Ó yin ìkọ̀wé mi, ó wá dé ibi nọ́ńbà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní Ìyá Àgbà, ẹ̀wá ni ìrora tó pọ̀ jù, oókan ni ti ẹni tí èèrà jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló ń fi ipò kẹwàá yin ènìyàn? Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ka ìlà tó wà lókè orúkọ mi, pé mo ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí mi, mi ò sì ní padà wá bèèrè nǹkan kan mọ́ lórí ẹsẹ̀ yìí láéláé. Mo ti ka ìlà yẹn fúnra mi níwájú onítáì, mo tilẹ̀ kà á sókè. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń kọ́ wa, pé kéèyàn má máa tọrọ.

Wàyí o, dókítà ti fún mi ní ìwé tirẹ̀ kí n buwọ́ lù kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. Nọ́ọ̀sì ti bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bó bá kọjá ọjọ́ Ẹtì, orúnkún pàápàá lè bá a lọ. Mo mú bírò, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo mọ orúkọ mi kọ, ọmọ mi. Ohun tí orúkọ mi ń lọ ṣe lẹ́yìn tí mo bá kọ ọ́ tán ni mi ò mọ̀. Mi ò ní kọ ọ́ títí ìwọ yóò fi dé, tí wàá kà á sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Káfíńtà ló mú lẹ́tà yìí wá, fún un ní owó ọkọ̀ rẹ̀, owó ara rẹ̀ ló ná. Mú owó ilé ìwòsàn dání, owó gidi tí mo lè fọwọ́ kàn. Bí o bá mọ lọ́yà kan tí kò gbówó jù, bẹ̀ ẹ́ kó wá wò ó bóyá wọ́n ṣì lè tú ohun tí mo fi orúkọ mi dì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣe ọ̀nà ní pẹ̀lẹ́ fún ọ. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ni yóò gbé ọ dé ọ̀dọ̀ mi, méjèèjì ni yóò sì gbé ọ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ. Má ṣe pẹ́ ju Ọjọ́bọ̀ lọ.

Ìyá rẹ